Láptọ́ọ̀pù tuntun yín ń háńgì, ó ń pa ara ẹ̀, ó tún ń tan ara ẹ̀? Ẹ wá ìdí ẹ̀ báyìí kí ọjọ́ tó lọ

Ẹ má tíì fọ́máàtì ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Mo fi ìyẹn síwájú torí mo mọ̀ pé bí láptọ́ọ̀pù tuntun bá ti ń háńgì lójijì, tó ń pa ara ẹ̀ tó tún ń tan ara ẹ̀ padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, nǹkan àkọ́kọ́ tí wọ́n máa sọ fún yín ni pé Windows inú ẹ̀ ni ò dáa, ẹ lọ fọ́máàtì ẹ̀. Bí wọ́n ṣe sọ fún àbúrò mi obìnrin n'Ìbàdàn nìyẹn. Owó tó fi oṣù mẹ́jọ tù jọ ló fi ra láptọ́ọ̀pù yẹn, inú páálí ló ti yọ ọ́, náílọ́ọ̀nù ṣì wà lára ẹ̀. Ọjọ́ kẹrin ló bẹ̀rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, máòsì ò rìn mọ́, orin tó ń gbọ́ há sójú kan ó ń kùn bí oyin tó há sínú ìgò, ó ṣe díẹ̀, ojú ẹ̀ ṣókùnkùn, ó tún tàn padà bíi pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Ẹnjiníà àdúgbò fọ́máàtì ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, iṣẹ́ tó wà nínú ẹ̀ lọ, owó ẹnjiníà lọ, láptọ́ọ̀pù ò sì jáwọ́. Ìgbà tó fi máa gbé e dé ọ̀dọ̀ mi, nínú ọjọ́ 14 tí ṣọ́ọ̀bù kọ sórí rìsíìtì pé òun lè gbà á padà, ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù.

Láptọ́ọ̀pù tuntun kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tó ti lo ọdún mẹ́rin lọ́wọ́ yín. Èyí tó ti pẹ́, eruku ti lè dí fáànù ẹ̀, bátìrì ẹ̀ ti lè rẹ̀, ẹ lè gbé e fún ẹnjiníà kó tú u, kò sí wàhálà. Tuntun ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó tà á fún yín ṣì jẹ yín ní gbèsè láptọ́ọ̀pù tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ọjọ́ sì ń lọ lórí gbèsè yẹn. Torí náà iṣẹ́ wa kì í ṣe pé ká tún un ṣe tipátipá, iṣẹ́ wa ni ká mọ̀ bóyá sófítíwià ló ń dà á láàmú, èyí tá a lè tún ṣe fúnra wa, àbí nǹkan kan ti bàjẹ́ nínú ẹ̀ kó tó kúrò níbi tí wọ́n ti ṣe é, èyí tó jẹ́ pé àwọn ló máa pààrọ̀ ẹ̀, ká sì ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Windows 10 àti 11 ni mo ń bá wí níbí o.

Ẹ kó iṣẹ́ yín jáde, kí ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo fáìlì yín jáde kúrò nínú ẹ̀, sórí flash, sórí Google Drive, OneDrive, ibi tó bá ti rọ̀ yín lọ́rùn. Láptọ́ọ̀pù tó ń kú lójijì níbi tó ti ń kọ nǹkan pamọ́ lè ba fáìlì jẹ́, ẹ ò sì mọ ìgbà tó máa kú tí ò ní jí mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ mú ìwé kan, tàbí fóònù yín. Gbogbo ìgbà tó bá ṣẹlẹ̀ ẹ kọ aago tó ṣẹlẹ̀, nǹkan tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́, bóyá ṣájà wà lára ẹ̀ àbí bátìrì ló ń lò, bóyá iná NEPA ni àbí jẹnẹrétọ̀ àbí inverter, bóyá ara ẹ̀ gbóná, àti gbogbo nǹkan tí ẹ kì bọ̀ ọ́ lára. Ó lè jọ iṣẹ́ àṣekún, àmọ́ tó bá ti di ẹ̀ẹ̀mẹrin ẹ̀ẹ̀marùn-ún ẹ máa rí i pé ọ̀rọ̀ ti ń tọ́ ibì kan. Ti àbúrò mi, a rí i pé ìgbà tó bá ṣí Canva, Zoom àti Chrome pọ̀ ló máa ń kú jù, tó bá jẹ́ pé ó kàn ń kàwé lórí ẹ̀ ni, ó lè lo wákàtí mẹ́fà láìsí nǹkan kan. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, màá padà síbẹ̀.

Ẹ tún wo bó ṣe ń kú gan-an, torí ikú yàtọ̀ síra. Èyí tó kàn ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí wọ́n mú iná lọ, tí ò háńgì rárá, ọ̀rọ̀ iná ni mo máa kọ́kọ́ fura sí: ṣájà, bátìrì, ooru, tàbí bọ́ọ̀dù ẹ̀ fúnra ẹ̀. Èyí tó háńgì tó wá gbé ojú búlúù tó ní ìwé lára jáde kó tó pa ara ẹ̀, ìyẹn ló dáa jù nínú gbogbo wọn torí ó sọ̀rọ̀ kó tó kú. Lórí Windows 11 Microsoft ti sọ ojú búlúù yẹn di dúdú ní 2025, torí náà tí ẹ bá rí ojú dúdú tó ní ìwé funfun, òun náà nìyẹn.

Èyí tó háńgì tí ò jí àfi tí ẹ bá di bọ́tìnì iná mú pa á, ẹ ṣe nǹkan méjì kí ẹ tó dì í mú. Ẹ tẹ Caps Lock, ẹ wò ó bóyá iná kékeré tó wà lára ẹ̀ ń tàn tó ń kú bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Tó bá ń dá yín lóhùn, kọ̀ǹpútà ṣì wà láàyè, síkírínì tàbí àpù kan ló há. Ẹ wá tẹ Windows, Ctrl, Shift àti B pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn máa tún driver síkírínì (sófítíwià kékeré tó ń jẹ́ kí Windows lè bá síkírínì sọ̀rọ̀) bẹ̀rẹ̀, ojú ẹ̀ á ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, tó bá jí síbẹ̀, driver yẹn, tí wọ́n ń pè ní driver graphics, ni kí ẹ gbájú mọ́. Tí Caps Lock ò bá dáhùn rárá, gbogbo ẹ̀ ti dúró látìsàlẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi fóònù ya fídíò gbogbo ẹ̀, torí láptọ́ọ̀pù máa ń ṣe ọmọ dáadáa ní ọjọ́ tí ẹ bá gbé e dé iwájú ẹni tó tà á.

Ẹ bọ́ gbogbo nǹkan kúrò lára ẹ̀

Ẹ yọ máòsì, flash, USB hub, hard disk tó wà níta, wáyà HDMI, gbogbo ẹ̀. Ẹ wá yọ ṣájà, kí ẹ lo láptọ́ọ̀pù lórí bátìrì nìkan títí tó fi máa kù díẹ̀ kó tán, kí ẹ ṣe irú iṣẹ́ tó máa ń pa á. Tí ò bá kú lórí bátìrì àmọ́ tó ń kú lórí ṣájà, ẹ ò tíì lè dá láptọ́ọ̀pù lẹ́bi. Ẹ gbé ṣájà lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì míì, kì í ṣe orí extension tí fíríìjì àti áyọ́ọ̀nù jọ wà, ẹ lò ó nílé ẹlòmíì tí iná wọn dúró dáadáa. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí iná ẹ̀ ń lọ sókè sódò máa ń da ṣájà láàmú, àwọn inverter olówó pọ́ọ́kú kan náà kì í mú irú iná tí NEPA ń mú wá jáde, àwọn ṣájà kan ò sì fẹ́ràn ẹ̀.

Ẹ wo ara ṣájà náà. Tó bá jẹ́ pé oní-USB-C ni láptọ́ọ̀pù yín, tí ṣájà tó bá a wá jẹ́ 65W, tí ẹ wá ń lo ti fóònù tó jẹ́ 25W, iṣẹ́ ńlá máa kọjá agbára ẹ̀, bátìrì á máa gbẹ lọ bí ẹ tiẹ̀ ń rí i pé ó ń ṣájì. Ṣájà tó wà nínú páálí ni kí ẹ lò fún àyẹ̀wò yìí.

Ooru ńkọ́? Láptọ́ọ̀pù tuntun náà lè gbóná, pàápàá tí ẹ bá gbé e lé orí bẹ́ẹ̀dì tàbí pílò tí ihò atẹ́gùn ìsàlẹ̀ ẹ̀ dí. Ẹ gbé e lé orí tábìlì. Ẹ lè dáúnlóòdù HWiNFO, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ ṣí apá Sensors kí ẹ wo ìwọ̀n ooru CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ CPU Intel tó wà nínú láptọ́ọ̀pù, 100 °C ni òpin tí wọ́n fún un. Àmọ́ ẹ jẹ́ kó yé yín pé láptọ́ọ̀pù òde òní máa ń kọ́kọ́ fà, á dín iṣẹ́ kù fúnra ẹ̀ kí ooru tó pa á, torí náà tó bá ń kú ní 55 °C nígbà tí ẹ kàn ń ka ìméèlì, ẹ fi ooru sílẹ̀. Tí ẹ ò bá gbọ́ fáànù rárá nígbà tó gbóná gan-an, ìyẹn ti ju nǹkan tí ẹ máa tún ṣe nílé, wárántì ni.

Nǹkan kan tún wà tí ò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ẹ pa láptọ́ọ̀pù pátápátá, ẹ yọ ṣájà, ẹ di bọ́tìnì iná mú fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ ki ṣájà bọ̀ ọ́ padà kí ẹ tan án. Ó máa ń gbá iná tó kù nínú bọ́ọ̀dù jáde, mo ti rí èyí tó mú láradá pátápátá.

Ẹ jẹ́ kí Windows fúnra ẹ̀ sọ̀rọ̀

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò kọjá nìyí, ó sì dùn mí, torí Windows ń kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀ bí akọ̀wé ìpàdé. Ẹ tẹ Windows pẹ̀lú R, àpótí kékeré kan máa jáde, ẹ kọ `perfmon /rel` síbẹ̀ kí ẹ tẹ Enter. Ẹ máa rí kàlẹ́ńdà, àwọn ọjọ́ tí nǹkan bàjẹ́ máa ní àmì pupa. Ẹ tẹ ọjọ́ tó wà nínú ìwé yín. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí bóyá ọjọ́ tí wàhálà bẹ̀rẹ̀ ni ẹ fi àpù kan tàbí update kan sínú ẹ̀. Tí ọjọ́ méjèèjì bá bára mu, ẹ yọ nǹkan yẹn kúrò kí ẹ wò ó fún ọjọ́ méjì.

Lẹ́yìn náà, Windows pẹ̀lú R lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ kọ `eventvwr.msc`. Ẹ ṣí Windows Logs, ẹ ṣí System, ẹ wá aago tó kú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ẹ máa rí Critical, Kernel-Power, nọ́ńbà 41. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn kó yín láyà jẹ. Mo ti rí àwọn tó ra ṣájà tuntun, tí wọ́n ra bátìrì tuntun, torí wọ́n rí ọ̀rọ̀ Power níbẹ̀. Gbogbo ohun tí 41 ń sọ ò ju pé "mo kú láìjẹ́ pé wọ́n pa mí dáadáa". Kò sọ ẹni tó pa á.

Ohun tó máa sọ ọ́ wà lábẹ́ Details. Ẹ wá BugcheckCode níbẹ̀. Tó bá jẹ́ 0, Windows ò ráyè kọ nǹkan kan kó tó kú, iná ló já, tàbí ó háńgì pátápátá, tàbí ẹ̀yin fúnra yín lẹ di bọ́tìnì mú. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, PowerButtonTimestamp tó wà níbẹ̀ náà kò ní jẹ́ 0. Tí BugcheckCode bá ní nọ́ńbà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, àmọ́ ẹ mọ̀ pé ìṣirò ẹlẹ́ẹ̀wá ni wọ́n fi kọ ọ́ síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ gbogbo ibi tí ẹ bá ti wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí 0x báyìí ni wọ́n ń kọ ọ́. Ẹ ṣí Calculator, ẹ gbé e sí Programmer, á yí i padà fún yín. 26 ni 0x1A, MEMORY_MANAGEMENT nìyẹn, RAM, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, ló sábà máa ń jẹ́, driver burúkú náà lè fà á. 292 ni 0x124, WHEA_UNCORRECTABLE_ERROR, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ ló ké gbàjarè. 278 ni 0x116, driver graphics tàbí graphics fúnra ẹ̀. 159 ni 0x9F, driver kan tí ò mọ bí wọ́n ṣe ń sùn tàbí jí, ẹ máa rí i níbi láptọ́ọ̀pù tó ń kú lẹ́yìn tí ẹ bá pa ìdérí ẹ̀ dé. 122 ni 0x7A, ẹ lọ wo SSD, ibi tí Windows àti fáìlì yín ń gbé.

Nínú System yẹn kan náà ẹ wá WHEA-Logger, ibẹ̀ ni Windows ń kọ àṣìṣe ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ sí. Tí ẹ bá rí nọ́ńbà 18 níbẹ̀ ní aago tó kú, ẹ ya fọ́tò ẹ̀, ẹ̀rí tó lágbára ni. 17 àti 19 jẹ́ àṣìṣe tí ẹ̀rọ ti tún ṣe fúnra ẹ̀, ìyẹn ò tíì tó ẹjọ́, driver àti BIOS (sófítíwià inú bọ́ọ̀dù tó ń jí láptọ́ọ̀pù kí Windows tó ṣí) ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Kí ojú búlúù lè dúró fún yín kí ẹ rí i kà, ẹ tẹ Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ `sysdm.cpl`, ẹ lọ sí Advanced, ẹ tẹ Settings tó wà lábẹ́ Startup and Recovery, ẹ yọ àmì kúrò níbi Automatically restart. Látìgbà yẹn, tó bá kú, ó máa dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀, ẹ máa ráyè ya fọ́tò.

Apá sófítíwià

Láptọ́ọ̀pù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí ti lè wà ní wíà-háùsì fún oṣù mélòó kan, Windows inú ẹ̀ àti driver inú ẹ̀ ti gbó. Ọjọ́ kìíní sí ìkejì tí ẹ bá so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ó máa ń fa update bí ẹni tí òùngbẹ gbẹ, ó lè máa fà, ó lè tún ara ẹ̀ tan, ìyẹn ò burú. Ẹ wá Wi-Fi tó dáa, ẹ má lo dátà fóònù tí ẹ ò bá fẹ́ kó jẹ gbogbo ẹ̀ tán, ẹ lọ sí Settings, Windows Update, ẹ jẹ́ kó parí, ẹ tún wo Optional updates, ibẹ̀ ni àwọn driver máa ń fara pamọ́ sí.

Driver graphics, Wi-Fi àti chipset, ẹ lọ gbà wọ́n ní sáìtì ilé iṣẹ́ tó ṣe láptọ́ọ̀pù yín gan-an, ẹ fi serial number wá a. Ẹ jìnnà sí àwọn àpù tó ń sọ pé àwọn máa bá yín update gbogbo driver lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹ bá bá antivirus méjì nínú ẹ̀, ti ọ̀fẹ́ tí wọ́n kó bá a wá àti èyí tí ẹ̀yin rà, ẹ yọ ọ̀kan. Irú sófítíwià bẹ́ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ pátápátá, ibi tó jẹ́ pé àṣìṣe kékeré ń pa gbogbo ẹ̀rọ. Ẹ rántí July 19, 2024, fáìlì update kan ṣoṣo láti ọ̀dọ̀ CrowdStrike ló gbé nǹkan bí mílíọ̀nù 8.5 kọ̀ǹpútà Windows ṣubú kárí ayé, ọkọ̀ òfurufú ò gbéra, kò sì sí ẹ̀rọ kankan tó bàjẹ́ níbẹ̀.

BIOS náà ní update, ó sì máa ń wo irú àìsàn yìí sàn dáadáa lára láptọ́ọ̀pù tuntun, àmọ́ ẹ fara balẹ̀. Kí bátìrì kún, kí ṣájà wà lára ẹ̀, kí ẹ má fọwọ́ kàn án títí tó fi máa parí, torí tí iná bá já láàárín, láptọ́ọ̀pù lè má tan mọ́. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wọ account.microsoft.com/devices/recoverykey, ẹ kọ BitLocker recovery key yín sílẹ̀, òun ló ń ṣí SSD tí Windows bá ti tì í pa. Dígíìtì 48 ni. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tuntun ló ń ti SSD ẹ̀ pa láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, tí BIOS bá yí padà ó lè bèèrè nọ́ńbà yẹn, tí ẹ ò bá ní in, fáìlì yín ti lọ nìyẹn.

Àwọn nǹkan kéékèèké: ẹ pa Fast Startup nínú Control Panel, Power Options, Choose what the power buttons do. Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ ò ṣe nǹkan kan lórí ẹ̀ ló máa ń háńgì, ẹ wọ Advanced nínú Power Options náà, ẹ gbé Link State Power Management tó wà lábẹ́ PCI Express sí Off, bó bá wà níbẹ̀. Ẹ wá ṣí Terminal bí Administrator, ẹ kọ́kọ́ kọ `DISM /Online /Cleanup-Image /RestoreHealth`, tó bá parí, ẹ kọ `sfc /scannow`. Àwọn méjèèjì máa tún fáìlì Windows tó bá ti bàjẹ́ ṣe láì fọwọ́ kan iṣẹ́ yín.

RAM, ibi tó yẹ kí ẹ pẹ́ sí

Ẹ rántí pé mo ní ti àbúrò mi máa ń kú tó bá ṣí nǹkan púpọ̀ pọ̀. RAM dà bí ilé tó ní yàrá púpọ̀. Tí yàrá kan ṣoṣo bá ti jó nínú ẹ̀, tí àlejò ò bá pọ̀, ẹ lè má mọ̀, ọjọ́ tí ilé bá kún tí wọ́n fi ẹnì kan sí yàrá yẹn ni ariwo máa sọ. Ìdí nìyẹn tí fọ́máàtì ò fi lè wò ó sàn láéláé, ẹ kàn ń kun ojú ilé ni.

Ẹ tẹ Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ `mdsched.exe`, ẹ ní kó tún ara ẹ̀ tan báyìí. Bó bá ṣe ń bẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ F1, ẹ yan Extended, kì í ṣe Standard, kí ẹ tẹ F10. Ẹ fi sílẹ̀ kó ṣe é mọ́jú. Tí èsì ò bá hàn nígbà tí Windows ṣí, ó wà nínú Event Viewer, System, ẹ wá MemoryDiagnostics-Results.

Ti àbúrò mi, ìyẹn ò rí nǹkan kan. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi RAM sílẹ̀. Àmọ́ BugcheckCode tí mo rí nínú 41 ẹ̀, ọ̀pọ̀ jẹ́ 0, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló jẹ́ 26, ọkàn mi ò sì kúrò níbẹ̀. Mo wá lo MemTest86, ọ̀fẹ́ ni, orí flash lẹ máa fi í sí tí ẹ máa fi tan láptọ́ọ̀pù, kò lo Windows rárá, ó sì máa ń yẹ RAM wò dé ìpele mẹ́rin. Fún RAM 16GB ẹ fún un ní wákàtí mélòó kan, mo gbé e sílẹ̀ lálẹ́. Ìpele kìíní kọjá láìsí àbàwọ́n. Nígbà tí mo jí láàárọ̀, ìpele kejì ti gbé àṣìṣe jáde, pupa rẹ́súrẹ́sú, àdírẹ́ẹ̀sì wọn sì wà nítòsí ara wọn. Àṣìṣe kan ṣoṣo níbẹ̀ ti pọ̀ jù, RAM tó dáa kì í ní ẹyọ kan.

Láptọ́ọ̀pù tí wọ́n lè yọ RAM ẹ̀, ẹnjiníà wárántì á pààrọ̀ ẹ̀ kíá. Púpọ̀ nínú àwọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ òde òní, wọ́n ti jó RAM mọ́ bọ́ọ̀dù ni, gbogbo bọ́ọ̀dù tàbí gbogbo láptọ́ọ̀pù ni wọ́n máa pààrọ̀.

SSD ò gba àkókò tó bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé bó ṣe máa ń háńgì ni pé máòsì ṣì ń rìn àmọ́ kò sí nǹkan tó ń ṣí, tí Task Manager ń fi Disk hàn ní 100% bẹ́ẹ̀ kò sí iṣẹ́ tó ń ṣe, ẹ lo CrystalDiskInfo, ẹ wo bóyá ó kọ Good, Caution tàbí Bad. Nínú Event Viewer ẹ wá disk, stornvme tàbí storahci ní aago yẹn. SSD tuntun tó kọ Caution, ẹ dá a padà.

Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló tún fi àyẹ̀wò tiwọn sínú láptọ́ọ̀pù. Lórí HP ẹ máa tẹ F2 bó ṣe ń tàn, lórí Dell F12 kí ẹ yan Diagnostics. Tó bá rí nǹkan, ó máa gbé kọ́ọ̀dù jáde, kọ́ọ̀dù yẹn ni àwọn oníwárántì fẹ́ràn láti gbọ́ jù, ẹ ya fọ́tò ẹ̀.

Tí gbogbo èyí ò bá sọ nǹkan kan, ẹ fi Ubuntu, ètò míì tó ń ṣiṣẹ́ bíi Windows, sórí flash 8GB pẹ̀lú àpù Rufus, ẹ fi tan láptọ́ọ̀pù, ẹ yan Try, ẹ má yan Install o. Ẹ wo fídíò lórí ẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta mẹ́rin. Tó bá kú níbẹ̀ náà, Windows ti wẹ̀ mọ́. Tó bá lò ó títí tí nǹkan kan ò ṣe é, ìgbà yìí gan-an ni fọ́máàtì wúlò, ẹ lo Reset this PC, Remove everything, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ má fi nǹkan kan sínú ẹ̀ fún ọjọ́ méjì yàtọ̀ sí update. Tó bá tún kú lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé e padà fún ẹni tó tà á.

Kí ẹ tó gbé e padà

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ẹni tó dé ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ òfo ni wọ́n máa bi pé ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ jẹ́ kó já bọ́, ṣé kì í ṣe jẹnẹrétọ̀ yín ló bà á jẹ́. Ẹ mú rìsíìtì, páálí, ṣájà tó bá a wá, ìwé tí ẹ ń kọ, fídíò, fọ́tò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú ìdí ẹ̀ ṣáájú, skúrù kan tó ti họ ti tó fún wọn láti sọ pé wárántì ti bàjẹ́.

Ẹ wo serial number lábẹ́ láptọ́ọ̀pù, ẹ tún ṣí PowerShell kí ẹ kọ `Get-CimInstance Win32_BIOS`, kí ẹ rí i pé ti ìsàlẹ̀, ti inú àti ti páálí bára mu. Ẹ wá fi í wo wárántì lórí sáìtì ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Tí wọ́n bá ní wárántì ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún méjì sẹ́yìn, kì í ṣe tuntun ni wọ́n tà fún yín, tòkúnbọ̀ tí wọ́n nù dáadáa ni, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti RAM nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé ẹbí ló rà á fún yín ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ wò ó níbẹ̀ náà bóyá wárántì ẹ̀ dé Nàìjíríà, torí kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló ń dé. Níbẹ̀, òfin Consumer Rights Act 2015 fún oníbàárà ní ọjọ́ 30 láti dá ọjà tó ní àbùkù padà kó sì gba gbogbo owó ẹ̀, torí náà ẹ tètè sọ fún ẹni tó rà á. Nílé níbí, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ni kí ẹ kọ ẹ̀sùn sí tí ontajà bá kọ̀ jálẹ̀.

Kí ẹ tó fà á lé wọn lọ́wọ́, ẹ rí i pé iṣẹ́ yín wà níbòmíì, ẹ yọ account Microsoft àti Google yín kúrò, ẹ pa gbogbo nǹkan inú ẹ̀ rẹ́.

Ṣọ́ọ̀bù tí àbúrò mi ti rà á kọ́kọ́ ní kó fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì káwọn fọ́máàtì ẹ̀. Ó gbé fọ́tò MemTest86 síwájú wọn, ó gbé ìwé tó kọ aago ìgbà 11 tó kú sílẹ̀, ó fi ọjọ́ orí rìsíìtì hàn wọ́n, ó ku ọjọ́ kan. Wọ́n pe ọ̀gá wọn, ọ̀gá wo fọ́tò yẹn títí, wọ́n gbé òmíràn fún un lọ́jọ́ náà. Alẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà ni a fi flash MemTest86 sí tuntun yìí lára kó tó fi fáìlì kankan sínú ẹ̀, a sì jẹ́ kó yẹ ẹ́ wò títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjá. Ìgbà yẹn ló tó kó iṣẹ́ ẹ̀ padà sínú ẹ̀.